Ọmọ Tí Kì Í Jẹ Ọ̀yà

Bí mo bá dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án báyìí, tí oorun kò tíì gbé mi lọ tán, mo máa ń gbọ́ omi kan tó ń kán. Tó. Tó. Tó. Àwọn ọmọ mi á ní kò sí omi tó ń kán níbì kankan, wọ́n á ní ọjọ́ ogbó ló dé. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ọmọdé ni wọ́n. Omi eérú ni mò ń gbọ́, omi tí Ìyá Aláró fi ń po aró, tó máa ń sẹ́ láti inú ìkòkò tó dá ihò sí nídìí, lẹ́yìn ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí mo ṣì kéré débi pé mo lè gba abẹ́ àká àgbàdo kọjá láìbẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ iye tí wọ́n ń pe ọdún náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé òyìnbó ti dé, wọ́n ní ogun ti tán, àwọn ọkùnrin ilé wa sì ṣì ń fi idà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní sùn torí wọn ò tíì gbà pé ó tán lóòótọ́. Ọdún yẹn ni Àṣàbí wà lọ́dọ̀ wa. Tí wọ́n bá ní kí n mú ọdún kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí tí mo ti lò láyé, kí n tún un lò, òun ni màá mú, pẹ̀lú gbogbo ẹkún inú rẹ̀.

Ilé wa kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìdákẹ́jẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ìgbálẹ̀ á ti máa ha ilẹ̀ lójúde, ẹnìkan á máa lọ ata, ẹnìkan á máa gún ẹ̀lú, ìyẹn ewé tí wọ́n fi ń ṣe aró, ìyá mi á sì máa fi imú kọ orin tó gbọ́ ní ilé ìsìn àwọn òyìnbó Onítẹ̀bọmi, torí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ inú orin náà. Afẹ́fẹ́ á gbé òórùn aró wọlé, òórùn kíkan tí àlejò máa ń di imú sí, tí àwa kì í tilẹ̀ gbọ́ mọ́. Lẹ́yìn náà ni Bàbá Àgbà, bàbá tó bí bàbá mi, á wúkọ́ nínú yàrá, gbogbo wa á sì sáré lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá." "Àbẹ̀kẹ́, ṣé o jí dáadáa? Ta ló nu imú ẹ lánàá?" Ojoojúmọ́ ló ń bi mí ní ọ̀rọ̀ imú yìí, ojoojúmọ́ náà ni mò ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún kí n tó dá a lóhùn. Á wá rẹ́rìn-ín, á bù fún mi nínú ẹ̀kọ gbígbóná rẹ̀. Nígbà mìíràn, tí mo bá ń se ẹ̀kọ lónìí, tí ooru rẹ̀ bá fẹ́ sí mi lójú, mo máa ń dúró díẹ̀ kí n tó máa rò ó lọ.

Ẹnu ni iṣẹ́ Bàbá Àgbà. Ó ní oko o, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń ro ó. Òun fúnra rẹ̀, alágbàwí ni. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá dé bá, tí kò mọ bí òun ṣe máa dúró níwájú àwọn ìjòyè sọ ọ́, á wá bá a lábẹ́ igi ọdán tó wà lójúde wa, Bàbá á gbọ́ ọ, á wá bá a lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé ló fẹ́ràn jù láti gbẹnu sọ fún. Ọmọ òrukàn tí ẹbí fi ń ṣe ẹrú lóko, ọmọ tí wọ́n fi sẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ń nà bí ẹni ń nà ẹ̀wà, Bàbá ni wọ́n ń gbé wọn wá bá. Nígbà yẹn, ọmọdé kò ní ẹjọ́ kankan tó lè rò. Àfi kí àgbàlagbà dúró síwájú rẹ̀ kó sọ ọ́. Mo bi Bàbá léèrè nígbà kan ìdí tó fi ń da ara rẹ̀ láàmú. Ó ní wọ́n kó òun lẹ́rú lójú ogun nígbà tí òun kò tíì ju bí mo ṣe rí lọ. Ó ní wọ́n mú òun gba àárín ìlú kan kọjá lọ́sàn-án gangan, àwọn àgbàlagbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn. "Mò ń wo ẹnu wọn, Àbẹ̀kẹ́. Mo ní ẹnìkan á sọ̀rọ̀. Wọ́n ń jẹ obì ni."

Ìyá Aláró kì í ṣe ará ilé wa. Ó bẹ Bàbá pé kó fún òun níbi tí òun lè ri ìkòkò aró mọ́lẹ̀ sí, nítorí ilé wa kò jìnnà sí odò, kò sì jìnnà sí Ọjà Igbó tó ti ń ta aṣọ. Ẹ má rò pé obìnrin burúkú kan tó le lójú ni o. Ó ń pa wá lẹ́rìn-ín, ó ń fún wa ní àádùn, bó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyá mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé orin òyìnbó ti fẹ́ sọ imú rẹ̀ di gígùn, ìyá mi gan-an á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Àṣàbí ló mú wá. Ó ní ọmọ àbúrò òun ọkùnrin ni, pé àbúrò náà ti kú, pé ìyá ọmọ ti bá ọkùnrin mìíràn lọ, òun tí òun jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá ló wá kù fún ọmọ náà. Gbogbo ilé ní, "Ẹ kú oore o. Olúwa á san án fún yín."

Bẹ́ẹ̀, ọmọ ọ̀hún ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Òun ló ń ṣẹ́ igi tí wọ́n ń sun di eérú, òun ló ń pọnmi, òun ló ń gún ẹ̀lú, tó ń mọ ọ́n rogodo, tó ń sá a sórí àpáta. Ọwọ́ rẹ̀ dú láti ìka títí dé ìgúnpá, dúdú tó ní àwọ̀ sánmà nínú, omi eérú sì ti jẹ àárín ìka rẹ̀ tó fi là yánnayànna. Ó máa ń sùn lórí ìdúró. Mo rí i bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ odó lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ á pa dé, ọmọ odó á ṣì máa lọ sókè sódò. Tí Ìyá Aláró bá lọ sọ́jà, a máa ń sáré sùn sórí àpáta tí oòrùn ti mú gbóná, láàárín rogodo ẹ̀lú, a ó máa wo àwọsánmà. Èmi ni mo máa ń sọ̀rọ̀. Òun á ní, "Máa sọ ọ́ lọ. Mò ń gbọ́." Kí n tó mọ̀, ó ti sùn. Mo máa ń sọ ọ̀rọ̀ mi lọ náà, mi ò bínú, torí bó ṣe ń mí dùn ún gbọ́.

Ọ̀rọ̀ wá yí padà ní ọjọ́ tí ọkùnrin kan dé láti Ọ̀yọ́ wá ra aṣọ aláró. Ọkùnrin tó ga ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ó jókòó síbi ìkòkò aró, ó ń wo Àṣàbí bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ pẹ̀lú ìkòkò omi lórí. Nígbà tó lọ, Ìyá Aláró ti ń jó. Ó ní àna ti wọlé wá bá òun, òun ti fi Àṣàbí fún un láti fẹ́, ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ ni òun máa mú un lọ sí Ọ̀yọ́. Ìyá mi ju ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyá Aláró! Ọmọ tí kò tíì mọ ìró ró? Ó ṣì ń tọ̀ sílé o!" Ìyá Aláró fa ẹ̀rín ẹnu rẹ̀ padà sínú. Ó ní, "Ṣé ìwọ lo bí i ni? Ilé bàbá ló ń fi ọmọ fọ́kọ, èmi sì ni ilé bàbá rẹ̀. Ẹ bá mi bi Bàbá Àgbà bóyá irọ́ ni mo pa." Gbogbo wa wo Bàbá lábẹ́ igi ọdán. Òótọ́ ni obìnrin náà sọ. Lójú àwọn ìjòyè, bí ẹ̀gbọ́n bàbá bá ti sọ̀rọ̀ lórí ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti kú, kò sí ẹnu tí alágbàwí fẹ́ fi gbà á. Bàbá ní kó jẹ́ kí ọmọ dàgbà díẹ̀ ná, ó bẹ̀ ẹ́. Ìyá Aláró fi ọ̀wọ̀ kúnlẹ̀, ó ní, "Mo gbọ́, Bàbá." Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, a kò bá a mọ́, a kò bá Àṣàbí.

Ilé wa dákẹ́ wàyí. Omi eérú kán títí, ó tán, ìkòkò gbẹ. Ọdẹ kan nínú ẹbí wa wá gbé ọ̀yà wá fún Bàbá, wọ́n sè é, wọ́n pín in, inú ń bí mi. Mo wo ẹran tó wà lórí iyán mi, mo ní, "Ẹran mi kéré lónìí, torí Àṣàbí kò sí." Ìyá mi ní kí n pa ẹnu mọ́. Bàbá ní, "Jẹ́ kó sọ ọ́. Kí ló kan Àṣàbí nínú ẹran ẹ?" Mo ní òun ló máa ń fún mi ní tirẹ̀ tó bá ti jẹ́ ọ̀yà, pé ìyá tó bí i ti sọ fún un láti kékeré pé ilé bàbá wọn kì í jẹ ọ̀yà, kò gbàgbé. Òkèlè bọ́ lọ́wọ́ Bàbá sínú ọbẹ̀. Ó ní, "Ìyá Aláró ńkọ́?" Mo ní, "Háà, ìyẹn? Ṣebí òun ló máa ń fa eegun rẹ̀ mu!" Òótọ́ ni. Gbogbo ilé ti gbọ́ fìì-fìì ẹnu rẹ̀ lórí eegun ọ̀yà láìmọye ìgbà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè máa bi mí pé kí ló wà níbẹ̀. Ohun tí ilé bàbá ẹni kò bá ń jẹ, a kì í jẹ ẹ́ títí a ó fi kú. Obìnrin ń gbé e dé ilé ọkọ, kì í fi sílẹ̀ níbẹ̀. Bí Àṣàbí bá jẹ́ ọmọ àbúrò rẹ̀ lóòótọ́, èèwọ̀ kan náà ló yẹ kí àwọn méjèèjì ní. Bàbá dìde láìfọ ọwọ́.

Ọjà Igbó ló gbà lọ. Ó mọ̀ pé ọ̀nà Ìrẹsà ni Ìyá Aláró ti máa ń ra ẹ̀lú kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó wá ń lọ láti ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ Ìrẹsà kan sí òmíràn, láàárín iṣu àti àgbàdo, ó ń bi wọ́n pé, "Ẹ dákun, ilé ta ni kì í jẹ ọ̀yà lọ́dọ̀ yín?" Àwọn kan rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Kò tún pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí obìnrin kan fi dé ojúde wa, tó ń tiro. Ó ní òun gbọ́ pé wọ́n ń wá ilé ọkọ òun. Sòbìyà ló dá a mọ́lẹ̀ nígbà tí Àṣàbí ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí ìlù, ọkọ rẹ̀ ti kú, ogun sì ti kó àwọn ará ilé ọkọ náà tán. Obìnrin kan tó ń ra ẹ̀lú lọ́wọ́ rẹ̀ ló ní òun á bá a tọ́jú ọmọ títí ẹsẹ̀ á fi san. Nígbà tó lè rìn, obìnrin náà ti kúrò níbi tó sọ. "Mo ti wá a débi pé wọ́n ti ń sá fún mi," ló wí. Kò sunkún. Ìyá mi ló sunkún.

A gbéra lọ sí Ọ̀yọ́. Mo wà nínú àwọn tó lọ, torí Bàbá ní ẹ̀rù á máa ba Àṣàbí láàárín àlejò, kó lè rí ojú kan tó mọ̀. Ẹsẹ̀ ni a fi rìn. Bí àlá ni ìrìn náà rí sí mi lónìí: ẹ̀yìn Bàbá níwájú mi, ìyá Àṣàbí tó ń tiro tí kò gbà kí a sinmi, pápá gígùn tí oòrùn ti ń wọ̀ lẹ́bàá wa, àwọn igi òrí tó dúró káàkiri. A sùn lójú ọ̀nà nílé ẹni Bàbá kan. Nígbà tí a dé Ọ̀yọ́, a bá Ìyá Aláró àti Àṣàbí nílé ọkùnrin onírùngbọ̀n yẹn, wọ́n ti fi osùn kun ọmọ náà lẹ́sẹ̀, kò ku nǹkan kan mọ́ àfi kí wọ́n sìn ín wọ yàrá ọkọ. Ibẹ̀ ni Bàbá dúró sí lẹ́nu ọ̀nà tó ké pé òun kò gbà, kí wọ́n jẹ́ kí ẹjọ́ dé iwájú àwọn ìjòyè ná. Ọkùnrin náà, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ní òun kò fẹ́ ìyàwó ẹlẹ́jọ́, ẹ jẹ́ ká lọ.

Kọ́ọ̀tù ọ̀hún kì í ṣe ilé ńlá. Ìjòyè àgbà kan jókòó sórí àga, àwọn tó kù sórí ẹní, òyìnbó pupa kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń nu ọrùn, ògbufọ̀ dúró tì í. Ìyá Aláró sọ tirẹ̀, ó sì dùn létí. Ó ní ìyá ọmọ ló sá lọ, tó wá rí i pé ọmọ ti fẹ́ wúlò, ó padà dé. Èèyàn púpọ̀ ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni." Bàbá wá dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó kí wọn.

"Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Aláró. Ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀?"

"Bàbá kan, ìyá kan."

"Ẹ dákun, kí ni ilé bàbá yín kì í jẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé ọ̀rọ̀ oúnjẹ la wá sọ níbí ni, Bàbá?"

Òyìnbó bi ògbufọ̀ léèrè. Ògbufọ̀ ní, "Ó ní kí ló kan ẹran nínú ọ̀rọ̀ ìyàwó." Ìjòyè àgbà ní, "Sọ fún un kó ní sùúrù. A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ojú ọ̀rọ̀ ni." Ó kọjú sí Ìyá Aláró. "Dá a lóhùn."

"A kì í jẹ igún."

Ẹ̀rín bú jáde, àwọn tó wà níta náà rín in. Ẹnìkan ní, "Ta ló wá ń jẹ igún ní tiẹ̀?" Ìyá Aláró gbé ọwọ́ sókè. Ó ní òun ti ń kírun báyìí, òun ti fi gbogbo èèwọ̀ ilé bàbá òun sílẹ̀. Mo rò pé ó ti bọ́ nìyẹn.

Ìjòyè àgbà mi orí. "Kò burú. Èmi náà ń kírun. Èyí tí o fi sílẹ̀ yẹn, kí ni?"

Ìyá Aláró wo ilẹ̀. Ó wo ọkùnrin onírùngbọ̀n, ìyẹn gbójú kúrò. Nígbà náà ni wọ́n bi ìyá Àṣàbí, ó ní, "Ọ̀yà." Bàbá ní kí wọ́n bi ọmọ náà níta, níbi tí kò ti gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Wọ́n bi í. Ó ní, "Ọ̀yà."

Ìjòyè àgbà ní ẹni tó lẹ́nu lórí ọmọ náà nílé bàbá rẹ̀ ti kú tán, nítorí náà kí wọ́n mú un wọlé kí òun bi ọmọ náà fúnra rẹ̀. Àwọn kan kùn. Ọmọdé kẹ̀? Wọ́n pè é. "Àṣàbí, súnmọ́ ibí." Àṣàbí wọlé, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí igbá omi òfìfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjòyè, ó gbé e, ó ti ń yára jáde lọ.

"Níbo lò ń lọ?"

"Mò ń lọ pọnmi wá, Bàbá."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá Àgbà, tí ẹnu jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, kọ ẹ̀yìn sí wa, mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìjòyè àgbà ní, "Gbé igbá yẹn kalẹ̀, ọmọ mi. A kò rán ọ níṣẹ́. A fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan ni. Ta ni o fẹ́ máa bá gbé?"

Ó dúró. Ó dájú pé kò sẹ́ni tó bi í ní irú rẹ̀ rí. Ojú rẹ̀ wá mi kàn. Mò ń mi orí mi kíkankíkan, nínú ọkàn mi mo ti pín ẹní mi sí méjì. Wọ́n ti ní kí ìyá rẹ̀ má sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò lè mú un mọ́ra. Ó ní, "Àṣàbí, ẹsẹ̀ mi ti san o." Ẹsẹ̀ yẹn ni Àṣàbí wò, kò wo ojú. Ó lọ lóṣòó síbẹ̀, ó fi ọwọ́ aláró rẹ̀ kan ojú àpá sòbìyà náà, ó ń tọ̀ ọ́ bí ẹni ń wá ọ̀nà. Ó wá ní, "Ìyá mi nìyí." Bẹ́ẹ̀ ni ẹjọ́ ṣe parí. Ọkùnrin onírùngbọ̀n dé fìlà rẹ̀, ó lọ. Ìyá Aláró sunkún, mi ò sì rò pé ẹkún irọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Mo yọ̀ títí a fi padà dé Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ti ro gbogbo rẹ̀ tán lórí: ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n á máa gbé, òun àti ìyá rẹ̀. A dé Ọjà Igbó, níbi tí ọ̀nà Ìrẹsà ti yà, ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ fún Bàbá lórí erùpẹ̀. Bàbá ní kó dìde. Àṣàbí di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, mò ń lọ sílé," bí ẹni pé ohun tí èmi náà ń fẹ́ ni. Wọ́n gba ọ̀nà Ìrẹsà lọ. Mò ń dúró de ìgbà tó máa bojú wẹ̀yìn, kí n lè juwọ́ sí i. Wọ́n kọjá lára àwọn tó ń ta igi ìdáná, wọ́n kọjá lára àwọn ewúrẹ́, orí rẹ̀ ń kéré sí i, kò wẹ̀yìn.

"Bàbá, kò wẹ̀yìn o! Kò tiẹ̀ wò mí!"

"Ó ń lọ sílé ni, Àbẹ̀kẹ́. Kí ló tún fẹ́ wẹ̀yìn ṣe?"

Mo jókòó sílẹ̀ láàárín ọjà, mo figbe ta. Bàbá Àgbà bẹ̀rẹ̀, àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, ó pọ̀n mí, ó sì ń gbé mi lọ sílé, kò sọ fún mi pé kí n dákẹ́.